Àbíkẹ́, Ọmọ Ta Ni?

Àbíkẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì tíì sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Erúnmu ti ń bú àgbà, wọ́n tilẹ̀ ti ń jẹgba lórí rẹ̀. Tirẹ̀ kò ju kí ó nawọ́ sí nǹkan, kí ó sì máa kùn. Kì í ṣe adití. Bí ẹnikẹ́ni bá kọrin lẹ́yìnkùlé, á sáré débẹ̀, á sì máa jó.

Ká ní ìgbà àlàáfíà ni, Ọ̀ṣuntóyìn ìyá rẹ̀ ì bá ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ogun Ìjàyè ti dé, àwọn sùnmọ̀mí sì ń jí ènìyàn gbé lọ́nà oko àti lọ́nà ọjà láti lọ tà. Ọmọ tó bá lè sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ẹni rere lè mú un padà wálé. Èyí tí kò lè sọ ọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dì í mú ló ni ín.

Nígbà tó sì jẹ́ pé orin ló ń mú ara ọmọ náà yá, Ọ̀ṣuntóyìn ní orin náà ni òun yóò fi fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó dá kékeré kan sílẹ̀:

"Àbíkẹ́ o, Àbíkẹ́,
Àbíkẹ́, ọmọ ta ni?"

Á lé e, á dákẹ́, á máa wo ẹnu ọmọ. Ó ń retí kí Àbíkẹ́ gbè é pé, "Ọmọ Fágbóhùn ni." Ṣùgbọ́n ta ló ń kọrin nínú agboolé tí ará ilé kò ní bá a gbè é? Kí Àbíkẹ́ tó la ẹnu, àwọn ọmọdé, àwọn tó ń fọ ìkòkò, títí kan ìyá ọkọ Ọ̀ṣuntóyìn tó ń já ẹ̀fọ́, ti hó o pọ̀: "Ọmọ Fágbóhùn ni!" Àbíkẹ́ á rẹ́rìn-ín, á máa jó tirẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀," ni Ọ̀ṣuntóyìn bẹ̀ wọ́n.

"Ìyàwó, ta ní í lé orin tí kì í fẹ́ kí wọ́n gbè é?" ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí.

Inú bí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ lọ sóko ẹ̀pà, àwọn méjèèjì nìkan. Bó ti ń wú ẹ̀pà ló ń lé orin. Á lé e, á dákẹ́. Àbíkẹ́ á wo ẹnu ìyá rẹ̀, òun náà á dákẹ́. Ẹ̀pà kún apẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò gbè é fún un kí ó gbọ́. Ìyàwó wo, tí wọ́n kọ́ nílé, ni yóò la ẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀? "Bàbá Àbíkẹ́" ló ń pe Fágbóhùn. Bó bá sì kọ́ ọmọ pé ọmọ Bàbá Àbíkẹ́ ni, ta ni yóò fi ìyẹn mọ ilé? Ó ti sá fún gbogbo ẹni tó lè dáhùn, òun alára kò sì jẹ́ dáhùn, ó wá ń bínú sí ọmọ tí kò ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹnìkan kígbe pé sùnmọ̀mí dé, ni ọjà bá tú. Àwọn ará ilé wọn sá gba ilé lọ. Ọ̀ṣuntóyìn yíjú padà, kò rí Àbíkẹ́. Ó ń sá kiri láàrin àwọn apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé, ó ń ké bí aṣiwèrè. Irọ́ ni ariwo náà, kò sí ogun kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi rí ọmọ rẹ̀, àlejò kan ti dì í lọ́wọ́ mú, ó ń sọ fún Bàbá Jùbrílù, àgbà ọjà, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni.

"Ọmọ ta ni ọ́?" ni Bàbá Jùbrílù bi ọmọ náà.

Ni Àbíkẹ́ bá fi orin sẹ́nu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara:

"Àbíkẹ́ o, Àbíkẹ́,
Àbíkẹ́, ọmọ ta ni?"

Ó dákẹ́, ó ń dúró. Ibi tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dé nìyẹn.

Bàbá Jùbrílù yíjú sí àlejò. "Ìwọ tó o ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni, gbè é."

Gbogbo ọjà ń wo ẹnu àlejò.

"Ọmọ Fágbóhùn ni!" ni Ọ̀ṣuntóyìn ké látẹ̀yìn. "Fágbóhùn! Ọmọ Fágbóhùn ni!" Àlejò jọ̀wọ́ ọmọ, ó yọ́ wọ àárín èrò lọ.

Ìròyìn ti ṣáájú wọn délé. "Wọ́n ní o pe orúkọ ọkọ rẹ láàrin ọjà," ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi pàdé rẹ̀. Ọ̀ṣuntóyìn kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Fágbóhùn ti gbé Àbíkẹ́ sórí itan.

"Tún un pè," ni ó wí, "kí ọmọ gbọ́ ọ."

Ojú ti Ọ̀ṣuntóyìn gan-an. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ọmọ Fágbóhùn ni."

Àbíkẹ́ wo ẹnu ìyá rẹ̀ títí. "Fá," ni ó wí. "Fágbó..."

Àwọn ará ilé la ẹnu láti bá a parí rẹ̀. Fágbóhùn na ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì pa ẹnu mọ́, títí kan ìyá Fágbóhùn, wọ́n ń dúró de ọmọ náà.