Ọwọ́ Tó Ń Gbé Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Sókè

Nígbà tí Kanyenda jí, ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ ti tún wà lókè téńté. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná. Inú yàrá ni kẹ̀kẹ́ sùn, ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

Kò bẹ̀rù. Ẹ̀rín ló rín. "Temwanani, olólùfẹ́ mi, o tún ti dé."

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ní Mzuzu, ìlú wọn, gbogbo ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò bíi tirẹ̀ ló ń rẹ ìjókòó sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè tẹlẹ̀ dáadáa bí èrò bá ń gun ẹ̀yìn. Ohun tí tọkọtaya náà máa ń jà lé lórí nìyẹn. "Ọmọdé ló ń ṣe é," ni Temwanani máa ń wí. "Orúnkún àgbà kì í ṣe ẹní tí wọ́n ń ká."

Òótọ́ ló sọ. Kanyenda ti fi ìjókòó sílẹ̀ lókè fún ọ̀sẹ̀ kan rí, orúnkún sì tù ú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ tó ń gbé e sókè lóru kò wá, yàrá pa lọ́lọ́. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ lè rí iṣẹ́ ṣe.

"Bàbá, orúnkún yín ti wú bíi máńgòrò," Khumbo, ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́, wí fún un níbùdókọ̀. "Tó bá yá, àwa la máa máa gbé yín."

"Lórí kẹ̀kẹ́ tó ń rùn bí ẹja yẹn? Mo kúkú máa fẹsẹ̀ rìn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kanyenda rẹ ìjókòó sílẹ̀ pátápátá.

Ilẹ̀ mọ́. Ìjókòó wà níbi tó fi í sí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ti kẹ̀kẹ́ síta tó gùn ún, ẹ̀yìn wúwo, táyà tẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn jókòó síbẹ̀. Nǹkan tútù kan rọra dì í mú níbàdí, bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà.

Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí gbogbo èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí orúnkún oníkẹ̀kẹ́ lè sinmi. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ̀. Kanyenda wà á díẹ̀, eegun orúnkún rẹ̀ ké bí igi gbígbẹ. Ó mọ̀ pé bóun bá gbé ẹrù yìí gun òkè, òun kò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé.

"Ṣé o kò ní sọ̀ ni?"

Ọwọ́ tútù náà tún dì í mú sí i.

Ó dúró. Ó yọ sípánà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìjókòó sókè, kí iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ lè parí. Bó ṣe ń dè é pinpin ni ọwọ́ yẹn ń tú kúrò níbàdí rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì.

Kò wẹ̀yìn. Ó gun òkè náà lọ, orúnkún rẹ̀ kò dún, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tó ṣófo sì ń pariwo lórí òkúta.