Má Tíì Fọwọ́ Kàn Án

Láti àárọ̀ ni báàgì Labibah ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá bàbá rẹ̀, Àlhájà Bàlíkísù, ló dì í fúnra wọn: aṣọ mẹ́fà, híjáàbù méjì, àti bàtà tó ti ń há ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Ìlọrin ti ní òun yóò dé lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Ohun tó gbé Àlhájà wá sí Barkin Sale ní Minna kò fara sin. Wọ́n rí ọmọ náà nígbà Iléyá, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, egungun èjìká rẹ̀ yọ gọngọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nílé, á ní "Na ƙoshi," òun ti yó, kó tó di pé ó fọwọ́ kan ṣíbí. Bẹ́ẹ̀, tó bá dé ilé àwọn Hausa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á jẹ tuwo, á sì lá abọ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ni Àlhájà sọ lánàá, lójú Taofeek ọmọ wọn. "Jẹ́ kí n rí i kó jẹ àjẹyó lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ìyàwó, èmi nìkan ni n óò padà sílé. Bí kò bá jẹ ẹ́, má bá mi jà o."

Taofeek wolẹ̀. Ọkùnrin tó ní ìyá tó sì tún níyàwó, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ Nàímátù, ìyá Labibah, ó mọ oúnjẹ í sè. Gbogbo Minna tó ní nọ́ńbà rẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó jáde láti inú ófùnù rẹ̀ tí kì í gbé sórí Wasáàpù. Àlhájà pàápàá ń wò ó láti Ìlọrin, wọn kì í sọ̀rọ̀ ni. Kásáróòlù ló fi gbajúmọ̀: iṣu Páíkò tí a bọ̀ díẹ̀ tí a gé pẹlẹbẹ, ẹran lílọ̀, ata díndín, ẹyin pípò, wàrà lókè, gbogbo rẹ̀ ní ìtò-lé-ìtò nínú àwo dígí, títí òkè rẹ̀ á fi pọ́n nínú ófùnù. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ẹ lè pè é ní àsáró tó lọ sílé ìwé.

Bí wọ́n ti kírun Àìlá tán ló tò ó. Ó to iṣu, ó ya fọ́tò. Ó da ẹran lé e, ó tún ya fọ́tò. Labibah dúró ti tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn.

"Má tíì fọwọ́ kàn án o," ni Nàímátù wí.

"Ìyàwó, ṣé aago ń lọ lójú tìẹ?" Àlhájà béèrè láti orí ẹní.

"Ó kù díẹ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí ófùnù kọ́kọ́ gbóná ná."

Ó fi ọwọ́ kan tanná sí i. Fóònù wà ní ọwọ́ kejì. Ó padà sídìí àwo rẹ̀, ó ń to ewé ẹ̀fìrín sórí wàrà.

Òórùn náà dé kí èéfín tó dé. Nígbà tí Nàímátù fi máa ṣí ilẹ̀kùn ófùnù, dúdú ló yọ sí i, róbà pupa kan ti yọ́, ó ń kán tó-tó-tó sórí iná.

"Àádùn mi!" Àlhájà pariwo.

"Ìyá! Àádùn nínú ófùnù?"

"Ibo ni kí n gbé e sí? Èèrà ti fẹ́ gbé e lọ! Ilé ta ni wọn kì í ti í kó nǹkan síbẹ̀ yẹn? Tìrẹ gan-an, ìkòkò mẹ́rin ni mo bá nínú ẹ̀ nígbà tí mo dé."

Òótọ́ ni. Láti Minna títí dé Ìlọrin, kọ́bọ́ọ̀dù ni ófùnù. Nàímátù ló kó ìkòkò tirẹ̀ kúrò ní ìdájí. Àlhájà rí àyè tó ṣófo, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n gbé àádùn wọ̀lú. Ẹni tó tanná kò sì bojú wo inú, ojú rẹ̀ wà nínú fóònù.

Ó pa iná. Àwo dígí wà lórí tábìlì, ó rẹwà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì tíì jinná. Ladáànì ń kọ ìpè Alásàrí.

Nàímátù wo báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àwo. Ó gbé agbada dúdú tó fi ń dín àkàrà ka iná òkè, ó ta epo sí i, ó di ojú, ó sì da àwo dígí dé sínú rẹ̀. Ìtò wó. Ẹyin fọ́, wàrà sá sábẹ́ iṣu. Ó ń rò ó, omi ojú ń bọ́, kì í ṣe èéfín nìkan ló fà á.

Àlhájà kírun tán. Fèrè mọ́tò dún níta.

Kò sí àyè àwo mọ́. Agbada fúnra rẹ̀ ló gbé kalẹ̀ lórí ẹní, oúnjẹ rí jágbajàgba, ìdí rẹ̀ ti jó díẹ̀.

"Jẹun, Labibah."

Ọmọ náà jókòó. Ó gbé itọ́ mì. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Na ƙoshi."

Àlhájà dìde, wọ́n fi ọwọ́ tó wọ òrùka fàdákà gbé báàgì. "Ìyàwó, o ti rí i fúnra rẹ."

"Labibah, jọ̀ọ́!" Ohùn Nàímátù já. "Haba, kí ló dé?"

"Mọ́mì, ẹ ò tíì ya fọ́tò."

Fèrè tún dún.

"Fọ́tò kí ni?" Àlhájà béèrè.

"Tí Mọ́mì bá ń yà á, wọ́n máa ní má tíì fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá yà á tán, ó ti tutù." Ó fajú ro. "Babu daɗi. Kò dùn."

Nàímátù na ọwọ́ sí fóònù. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìdí rẹ̀ ló fi í sí, ó sì jókòó lé e. Ó bu iṣu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi í sí ọmọ lẹ́nu.

Labibah jẹ ẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo agbada, ó fa ọwọ́ yọ láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ méjèèjì ló kì bọ̀ ọ́. Nígbà tí awakọ̀ fi wọlé wá bínú, ìdí tó jó ló ń ha.

"Ọ̀gá, dúró," ni Àlhájà wí fún un. "Ọmọ ń jẹun."

Nígbà tó yá, Àlhájà da aṣọ Labibah sórí ẹní. Wọ́n nu àwo dígí, wọ́n fi híjáàbù tiwọn wé e, wọ́n gbé e sínú báàgì.

"Báàgì mi ò ní padà lófìfo. Èyí tó ń fi ebi pa ọmọ mi ló ń bá mi lọ."

Nàímátù fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì náà lọ sínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ kẹta, àwo dígí náà yọ lórí Wasáàpù Àlhájà ní Ìlọrin, wàrà tuntun kún inú rẹ̀, ó ń dán. Ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà, ọwọ́ ọmọdé kan nà sí i, ọwọ́ àgbàlagbà kan tó wọ òrùka fàdákà sì dì í mú pinpin lọ́rùn ọwọ́.