Ọwọ́ Tí Kò Tọ́ka Sí Kòtò

Ọwọ́ òsì ni Màmá Dírẹ́bà fi ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, nítorí wọ́n ti fi aṣọ funfun so ti ọ̀tún kọ́ ọ lọ́rùn láti ìrọ̀lẹ́ àná.

"Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o," ló ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má bínú, mo ba ìrìn àjò yín jẹ́."

Jẹ́jẹ́ kò tíì sún mọ́ wọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí ló lọ dúró sí, ó ń tú táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní kó tú u. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lójú ọ̀nà nìyẹn, Jẹ́jẹ́. Aránbàtà ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n jọ gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú dé ìlú, láti fi wá owó ibùsùn fún àwọn ọmọdé tó ń ṣàìsàn. Àná ni wọ́n gúnlẹ̀. Àgbàlá ilé ìwòsàn àwọn ọmọ náà ni wọ́n ti ń dágbére fún ara wọn láàárọ̀ yìí.

"Jẹ́jẹ́!" Télọ̀, ẹni tó kéré jù nínú wọn lọ́jọ́ orí, ló ń pè é, búrẹ́dì kún un lẹ́nu. "Ẹ fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ wá jẹun. Kò lè sá lọ. Ẹ ò kọ́ ọ ní eré sísá rí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára aṣọ funfun yẹn.

Kí wọ́n tó gbéra láti ilé ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣáájú wọn ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa rìn. Wọ́n á tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, táyà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í rí ọ̀nà, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń rí. Nítorí náà, ẹni tó bá rí kòtò á na ọwọ́ sísàlẹ̀, á tọ́ka sí i. Ẹni tó tẹ̀lé e á tọ́ka fún ẹni tó tẹ̀lé òun náà. Kòtò á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Màmá Dírẹ́bà ló kẹ́yìn. Jẹ́jẹ́ ló wà níwájú rẹ̀.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan lánàá nígbà tí Télọ̀ tọ́ka. Jẹ́jẹ́ rí ọwọ́ náà. Ó rí kòtò náà, ó yà fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ pinpin, kò lè yọ ìkankan. Ohun tó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ìgbà tí àpótí já bọ́ láti orí pẹpẹ.

Nọ́ọ̀sì bi wọ́n létí títì bóyá gbogbo wọn ló tọ́ka. Oníkálukú ní bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ́jẹ́ mi orí pé òun náà tọ́ka. Ó mì ín díẹ̀ báyìí, èèyàn lè rò pé eṣinṣin ló ń lé.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Eegun á so pọ̀. Kálukú á gba ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ.

"Oṣù méjì péré, Màmá," ni nọ́ọ̀sì ń wí. "Ẹ máa padà sídìí ọkọ̀ yín."

"Mi ò padà síbẹ̀ mọ́."

Jẹ́jẹ́ dá ọwọ́ dúró.

"Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kó lọ sílé ìwé láràárọ̀," ni Màmá Dírẹ́bà sọ. "Ọwọ́ èèyàn wà níwájú mi gbọnrangandan, mi ò rí i. Ọmọ tó bá sáré já títì ńkọ́? Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Èmi ò sunkún, mi ò sì ríran! Lọ́jọ́ Ajé màá dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn padà fún wọn."

"Ẹ jẹ́ kí dókítà ojú wò yín ná."

"Kí ló fẹ́ wò? Gbogbo yín lẹ tọ́ka. Bó bá ní kò sóhun tó ṣe ojú mi, ṣé orí la máa wá gbé lọ fún un?"

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbé mọ́tò dé, ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ sí i. Màmá wò yíká, ó rí Jẹ́jẹ́, ó sì tọ̀ ọ́ wá fúnra rẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé o fẹ́ kí n lọ láìdágbére ni? Ìwọ ni mo fẹ́ bẹ̀ jù. Má jẹ́ kó máa dùn ọ́. O tọ́ka fún mi, èmi ni mi ò rí i."

Ó na ọwọ́ òsì. Jẹ́jẹ́ dì í mú.

"Mi ò tọ́ka."

"Kí lo wí?"

"Mi ò tọ́ka, Màmá. Kò sóhun tó ṣe ojú yín. Kò sí… kò sí ọwọ́ kankan tí ẹ ò rí. Ẹ̀rù bà mí. Ọwọ́ mi ò yọ lára kẹ̀kẹ́."

Màmá Dírẹ́bà mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

"O rí kòtò náà?"

"Mo rí i."

"Ó dáa. Ọwọ́ ò yọ. Ẹnu ńkọ́? Ẹnu ò di kẹ̀kẹ́ mú."

Ọmọ Màmá ké láti ìdí mọ́tò.

"Màmi, ẹ jẹ́ ká máa lọ o!"

"Mò ń bọ̀." Ó wo aránbàtà náà fún ìgbà díẹ̀ sí i. "Mi ò lè sọ pé kò burú, àbúrò. Apá ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò dá kọ́kọ́rọ́ padà mọ́."

Bí mọ́tò ṣe ń jáde, Màmá gbé ojú lé fèrèsé, ó ń wo òrùlé, ó ń wo ẹyẹ lórí wáyà iná, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ọmọ wọnú ọkọ̀.

Télọ̀ gbé ife tíì wá bá Jẹ́jẹ́. "Kí lẹ jọ ń sọ tó bẹ́ẹ̀? Àbí ẹ fẹ́ fẹ́ Màmá wa ni?"

Jẹ́jẹ́ gba ife náà. Òkè àná ni ọkàn rẹ̀ padà sí. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, kòtò, ọ̀rọ̀ kékeré. Kì í ṣe pé ó rò pé òun máa ṣubú bí òun bá sọ ọ́. Ó rò pé àwọn tó wà níwájú á gbọ́ bí ohùn òun ṣe ń gbọ̀n.

Níbi tábìlì, nọ́ọ̀sì ń sọ fún àwọn tó kù pé ẹ ò rí i, àgbà ti ń dé sí Màmá, ojú ti ń lọ. Wọ́n ń mi orí.

Jẹ́jẹ́ gbé ife sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ á gbọ̀n, ó mọ̀. Ó rìn lọ bá wọn.