Ọjọ́ Tí Kayal Pe Ìyá Mi Ní Ajá

Kí ọdún Ónámù, ọdún ìkórè wa, tó dé ni ìyá mi ti búra: ẹni tí kò bá gbọ́ Màláyálàm, èdè wa, àwọn ò ní gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí láti súre fún un. Bí wọn ò bá sì gbé ọwọ́ lé e, kò sí ìgbéyàwó nílé wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní Sembawang, èbúté tí a ń gbé, láti ìgbà tí bàbá mi ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe níbẹ̀. Biju ọmọ mi wá ń fẹ́ Kayalvizhi, tí a ń pè ní Kayal, ọmọ Támílì, ẹ̀yà tó pọ̀ jù wá lọ níbẹ̀.

"Támílì ti gba ilé ìwé, ó gba rédíò, ó gba pátákó ibùdó rélùwéè," ni ìyá mi wí. "Ṣé yàrá mi náà ló tún fẹ́ gbà ni?"

"Ìyá, ọmọbìnrin ni Biju ń fẹ́, kì í ṣe èdè."

"Vilasini, panu mọ́. Èdè yẹn náà ló máa fi bú mi."

Èmi náà ò fẹ́ kí èdè wa kú o. Ṣùgbọ́n Málè ni Biju kọ́ nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, Nenek tí àwọn Málè ń pe ìyá àgbà ló sì ń pe ìyá mi láti kékeré. Wọ́n ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ wọn nínú rí.

Lọ́jọ́ ọdún, a to òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, a tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì ń bu ìrẹsì sórí rẹ̀. Kayal wọlé nínú sáárì funfun onígbátí wúrà, irú tiwa gan-an. Àṣé ó ti ń kọ́ Màláyálàm lẹ́nu nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá mi, ó sì sọ èyí tó ti há sórí:

"Patti, sukhamaano?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. "Paatti" ni àwọn Támílì ń pe ìyá àgbà, wọ́n sì máa ń fa ohùn rẹ̀ gùn. Kayal rò pé béèyàn bá ti gé Támílì kúrú, ó ti di Màláyálàm nìyẹn. Bó ṣe gé e kúrú, ó di ajá lédè wa. "Ajá, ṣé àlàáfíà ni?" lọmọ ọlọ́mọ bi ìyá mi lójú gbogbo ẹbí.

Mo wojú Biju. Ẹ̀rín ló ń rín, inú rẹ̀ ń dùn sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Àwọn àbúrò Biju ń jẹun lọ ní tiwọn. Nínú gbogbo wa, èmi àti ìyá mi nìkan ló mọ̀ pé èébú ti wọlé.

Ìyá mi náà wò wọ́n yíká. "Biju, kí ni ọmọ yìí pè mí?"

"Ó ń kí yín ni, Nenek. Ó gbọ́ ọ dáadáa, àbí?"

"Ajá ló pè mí."

"Yéè!" Kayal fọwọ́ bonu. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò mọ̀!"

"Nenek, kò mọ̀ọ́mọ̀—"

"Jókòó síbẹ̀!" ni ìyá mi pariwo mọ́ Biju. "Wọ́n pe ìyá ìyá rẹ lájá lójú rẹ, o ń rẹ́rìn-ín. O ò tiẹ̀ lè bínú nítorí mi! Ọmọ yìí sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó ṣi ọ̀kan. Ìwọ ńkọ́? Èwo lo sọ rí tí o fi máa ṣì í?"

Ìyá mi wá yíjú sí Kayal tó ti ń sunkún.

"Gbójú sókè. Ammamma ni mò ń jẹ́. Pè mí."

"Ammamma."

Bẹ́ẹ̀ là ń pe ìyá ìyá ẹni lédè wa, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ-ọmọ kankan tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Orí mi wú. Omi bọ́ lójú mi, n kò nù ún. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé Kayal lórí, wọ́n sì wò wá yíká pẹ̀lú ìgbéraga.

Biju sáré wá kúnlẹ̀ ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́: "Kayal, báwo lo ṣe pè é?" Kayal sọ fún un létí.

"Am... Ammamma, sukhamaano?"

"Ó kúkú sàn, òun ò pè mí lájá," ni ìyá mi wí. Ọwọ́ kan péré ni wọ́n gbé lé e lórí. "Ìkejì di ọjọ́ tí ẹnìkan bá bú mi, tí ìwọ kọ́kọ́ bínú."