Bàbá Mísbáù Ló Ń Kọ́kọ́ Pè

Ẹ̀rù ń ba Hassanat, mi ò ní purọ́ fún yín. Obìnrin tó máa ń tọwọ́ bọ inú ìnfátà bí ẹni tọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, orí dẹ́kì ilé gíga kan ní Òkè-Àfá ló jókòó sí, láàárín táǹkì omi àti òpó eríà, láptọ́ọ̀pù lórí itan.

Rípítà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Hassanat wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan, àwọn tó gba àṣẹ láti máa fi rédíò ọwọ́ bára wọn sọ̀rọ̀ torí pé ó kàn wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Rédíò ọwọ́ ò lágbára. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ n'Ísọlọ̀, ẹni tó wà l'Óṣòdì lè má gbọ́ ọ. Rípítà yìí ló ń gbọ́ ohùn kékeré náà látòkè, tí á sì fọn ọ́n jáde tagbáratagbára kí gbogbo wọn lè gbọ́. Bó bá dákẹ́, kálukú á máa dá sọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ̀ ni.

Àwọn yòókù lè fara da ìyẹn. Bàbá Mísbáù ò lè fara dà á. Àìsàn ọkàn ń bá bàbá náà fà á, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, yàrá kan ló sì ń dá gbé lẹ́yìn ọjà Aswani. Fóònù ńkọ́? Ẹ fi yẹn sílẹ̀. Fóònù olójú gíláàsì táwọn ọmọ rẹ̀ rà fún un, kò mọ ibi tó yẹ kóun tẹ̀ lára rẹ̀. Rédíò ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni, bó bá ti tẹ̀ ẹ́ tó ní àyà ń dun òun, èèyàn á gbọ́, èèyàn á sì sáré dé. Orí bọ́tìnì yẹn ni ẹ̀mí bàbá náà wà.

Àìsàn wà lára ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Pátákó kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńtírólà, òun ni ọpọlọ rípítà. Bí iná bá ti ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, kọ̀ńtírólà á gan pa, àfi kí Hassanat gun òkè wá jí i. Lóṣù tó kọjá ó gan bẹ́ẹ̀, àyà sì ń dun Bàbá. Ó pè títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Sirajudeen, ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ń ta aṣọ l'Aswani, tó yà kí i, tó bá a nílẹ̀. Hassanat sunkún lọ́jọ́ náà, torí ìkáwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ wà.

Kò pẹ́ làwọn tó ṣe kọ̀ńtírólà fi ọgbọ́n tuntun tí wọ́n ń pè ní fáàmùwíà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní bí wọ́n bá kó o sínú rẹ̀, kò ní gan mọ́. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí iná bá lọ lójijì nígbà tí wọ́n ń kó o lọ́wọ́, ọpọlọ náà á bàjẹ́ pátápátá, kò sì ní jí mọ́. Ìyẹn ló ń ba Hassanat lẹ́rù. Ó gbé bátìrì ńlá gùnkè torí iná ìjọba ò ṣe é gbọ́kàn lé, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ò balẹ̀. Ó tiẹ̀ ti fẹ́ sún un síwájú, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kó lọ ṣe é.

Ó wá ku òfin Bàbá. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń fún ọkọ̀ ojú irin lọ́nà l'Óṣòdì. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn, bí wọ́n bá ti ọ̀nà kí wọ́n lè tún irin ṣe, ẹnì kan ṣoṣo ló láṣẹ àtiṣí i. Bàbá kó òfin yìí wọnú ẹgbẹ́: bí rípítà bá dákẹ́ tó sì tún jí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnì títí òun á fi kọ́kọ́ pè. Kéèyàn tiẹ̀ kàn tẹ̀ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, Bàbá á ní ìwà ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé tó ń sá lọ nìyẹn. Wọ́n ń fi í ṣẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń pa á mọ́. Àgbà ló sọ ọ́, ta ló fẹ́ já a níyàn?

Hassanat fi rédíò sọ fún Bàbá pé òun fẹ́ ti ọ̀nà. Bàbá ní kó máa ṣe é lọ, bó bá ti là, òun á pè. Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ ń wọ́ bí ìgbín lójú láptọ́ọ̀pù. Òjò ṣú láti ìhà Èjìgbò. Bí ìlà náà ti dé ìdajì, iná ìjọba lọ, àmọ́ bátìrì gbà á. Nígbà tó yá, ó parí. Rípítà jí, ó fi fèrè tíntìntín dárúkọ ara rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, Hassanat sì gbọ́ ọ nínú rédíò ọwọ́ rẹ̀. Ó ní alhamdulillah, ó wá jókòó de Bàbá.

Bàbá ò pè.

Ó ní bóyá ó ń ṣe àlùwàlá ni. Ó dúró. Ó ní bóyá ó ń kírun Asr. Ó tún dúró títí ìrun fi yẹ kó ti parí. Ó fi fóònù pe Sirajudeen ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ní òun náà ń retí Bàbá, òun ò gbọ́ nǹkan kan, oníbàárà sì pọ̀ níwájú òun. Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wọ Hassanat lọ́kàn. Rípítà ti dárúkọ ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣé ó ń gbọ́ràn? Bó bá jẹ́ pé ọgbọ́n tuntun yìí ti di í létí ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé Bàbá ti ń pè látìgbà yẹn?

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kó tẹ bọ́tìnì tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sọ̀rọ̀, kó gbọ́ bóyá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ á dáhùn. Ó gbé ìka lé e. Ó tún gbé e kúrò, torí Bàbá. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó rántí oṣù tó kọjá, jìnnìjìnnì bò ó, ó ṣí láptọ́ọ̀pù, ó ní ọgbọ́n àtijọ́ lòun á dá padà sínú ẹ̀rọ náà. Ó ti ọ̀nà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Bó ṣe jókòó tó ń wò ó, ó fọwọ́ kan bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rédíò rẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ẹni tó ń pe rípítà, kóun náà sì lè dá a lóhùn tààrà, láìsí pé rípítà bá wọn dá sí i. Orí òkè ló wà, ohùn á máa dé ibẹ̀.

Ohùn Bàbá ló gbọ́.

"Hassanat," ni ohùn náà ń wí, ó rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ sùn. "Hassanat, kí ló dé tóo tún tì í?"

Ó tẹ bọ́tìnì, ó ní, "Bàbá, èmi nìyí, mò ń gbọ́ yín."

"Mo ti ṣubú. Mo gbọ́ fèrè nígbà tó là, mo ń wọ́ lọ sídìí rédíò. Ìgbà tọ́wọ́ mi máa tó o, ó ti ti."

Ẹ̀rù tó ba Hassanat nígbà yẹn, ti tẹ́lẹ̀ ò tó nǹkan kan lára rẹ̀. Ká ní kò ti ọ̀nà ni, gbogbo ẹgbẹ́ ni ì bá gbọ́ bàbá yìí. Bó bá sì dá a dúró láàárín, ẹ̀rọ á kú pátápátá. Ó pe Sirajudeen lórí fóònù, fóònù ń dún, kò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Ó fẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kúrò lórí òkè, kò ní gbọ́ Bàbá mọ́. Ló bá tẹ bọ́tìnì rédíò, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ohùn òun dé Aswani fúnra rẹ̀.

"Sirajudeen, Bàbá wà nílẹ̀. Má dá mi lóhùn. Sá lọ."

Kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sùn, ó ń bi í ní orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá dá a lóhùn lórí ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tó dé orí ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí bọ́tìnì. Yàrá náà nìkan ni Hassanat wá ń gbọ́: fáànù tó ń yí, èémí tó ń há, omi òjò lórí páànù. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì lè sọ ohunkóhun tí Bàbá á gbọ́, torí rédíò tí wọ́n bá ń tẹ̀ kì í gbọ́ràn.

Ó gbọ́ tí wọ́n ń lu ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn já. Sirajudeen ni, ó ń mí hẹlẹ, ó ń pe Bàbá. Hassanat ń sọ pé kó gbé e, kó gbé e dìde kíákíá, kó wá ọkọ̀, bí ẹni pé ó lè gbọ́. Sirajudeen ò sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di jẹ́jẹ́.

Àkókò yẹn ni ìlà ojú láptọ́ọ̀pù parí, tí rípítà jí. Ọwọ́ Bàbá ṣì wà lórí bọ́tìnì. Láti Òkè-Àfá dé Òṣòdì, gbogbo rédíò tó ti ń retí Bàbá látọ̀sán ló gbọ́ ohun tó ń lọ nínú yàrá rẹ̀.

Sirajudeen ń ka kálímà sí i létí. "Lā ilāha illallāh," ló ń wí, Bàbá sì ń gbè é, ó ń wọ́ ọ lẹ́nu. Wọ́n tún kà á. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, Sirajudeen nìkan ló parí rẹ̀.