Ìyàwó Ilé Du Àga Bọ̀dá

Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ló gbóná jù. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, òun náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ihò eku lọ. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń sọ pé bí àwọn bá dé ọ̀run àpáàdì, aṣọ òtútù làwọn máa bèèrè.

Ẹni tó ń ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá àwọn tó ń gé aṣọ, ọkùnrin kan tí kì í bínú, tí kì í sì í ṣe nǹkan kan. Ohun yòówù kí wọ́n gbé wá bá a, èsì kan náà ni: “Mo máa wò ó.” Bó ṣe di Bọ̀dá Máa-Wò-Ó nìyẹn. Ó ti wo ọ̀rọ̀ fáànù tí wọ́n ń bèèrè fún yàrá náà títí ó kù díẹ̀ kójú fọ́.

Nígbà tí ìbò ń bọ̀, àwọn alọṣọ fẹnu kò pé kí aṣáájú wọn lọ du àga náà. Obìnrin náà lẹ́nu dáadáa, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Bọ̀dá Máa-Wò-Ó. Títí dòní, Ìyàwó ni wọ́n ń pè é nínú ẹbí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ àgbà ti ń fá irùngbọ̀n.

“Ẹ fẹ́ tú ilé mi ká ni,” ó wí. “Ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ kí, kí n wá lọ yọ àga nídìí ẹ̀?”

“Ìkúnlẹ̀ ò dí ìbò lọ́wọ́,” ọ̀kan nínú wọn fèsì. “Ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.”

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ilé ìwé, gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wojú àjà.

“Tó o bá wọlé, màmá mi ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Tó ò bá wọlé, ìwọ ò ní jẹ́ kí n gbádùn.” Ó tún ronú díẹ̀. “Lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Bọ̀dá fúnra wọn.”

Lọ́jọ́ Àìkú, ó bá Bọ̀dá nínú àga onítìmùtìmù, tó ń gé èékánná. Ó kúnlẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o. Wọ́n ní kí n bá yín du àga ìgbìmọ̀. Mo ní mi ò tó bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ yín.”

Bọ̀dá ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ó dáa, Ìyàwó wa. Mo máa wò ó.”

“Ẹ ṣeun gan-an, Bọ̀dá,” ó wí, ó sì ti bọ́ síta kí ọkùnrin náà tó rántí láti wò ó. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, wọ́n ti lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìjẹun. Ìyá ọkọ gbọ́, ó ní ayé ti bàjẹ́. Bọ̀dá kàn rẹ́rìn-ín ni. “Ẹ fi í sílẹ̀. Eré ló ń ṣe.”

Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì fẹ́ bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní yàrá ìjẹun, páìpù bẹ́ níbẹ̀, omi sì gba gbogbo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ́ ẹ o. Ó ti pẹ́ tí páìpù náà ti ń jò, Bọ̀dá sì ń wò ó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá ibi tó lè gba èrò, yàrá alọṣọ nìkan ló rí.

Ìyàwó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. “Ẹ káàsán, Bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.”

Inú Bọ̀dá dùn sí ìyẹn. Ó dìde tòun ti kóòtù àti táì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí òógùn fi ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó bọ́ kóòtù. Ó tú táì. Ó mú bébà ọwọ́ rẹ̀, ó fi ń fẹ́ra, bẹ́ẹ̀ inú bébà ọ̀hún ni ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó wí níkẹyìn, “ṣé bí ibí ṣe máa ń rí nìyí?”

“Ibí tutù lónìí, Bọ̀dá,” Ìyàwó dá a lóhùn jẹ́ẹ́. “A ò tíì tan áyọ́ọ̀nù.”

Èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbára lé ara wọn. Ó bu omi tútù fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó sì yíjú sí wọn. “Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ara yín ti bá mi sọ ọ́.”

Ó wọlé. Àwọn tó ń gé aṣọ pàápàá dìbò fún un.

Ó dun Bọ̀dá. Kò yà sílé wọn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wá wá, ó jókòó, ó gba omi.

“Ìyàwó, tó o bá wọ yàrá ìpàdé yẹn, má jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni wọ́n máa ń rán pé kó lọ bu tíì wá. Nígbàkigbà tí èmi bá fi máa padà dé, wọ́n á ti fo ọ̀rọ̀ fáànù.”

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyàwó. Gbogbo bó ṣe ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, kò ronú kan irú ìyẹn rí. Ó tún kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Àárín gbùngbùn ló jókòó sí nínú ìpàdé. Wọ́n ní kó lọ bu tíì, ó ní òun ò mu tíì. Kò sì jẹ́ kí wọ́n fo ọ̀rọ̀ fáànù títí wọ́n fi rà á, àwọn ńláńlá onírin. Atẹ́gùn dé, ariwo dé. Kò pẹ́ tí àwọn alọṣọ fi kóra wọn wá bá a.

“Fáànù yìí dáa o,” ọ̀kan nínú wọn wí, “ṣùgbọ́n a ò gbọ́ òfófó mọ́. Téèyàn bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bòńkẹ́lẹ́, àfi kó lọgun, àwọn tó wà lẹ́nu géètì á sì gbọ́.”

Ìyàwó jókòó lórí òkìtì aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ó dáa,” ó wí. “Ta ló fẹ́ kí n pa fáànù?”

Kò sẹ́ni tó nawọ́.