Oko Mànàmáná

Gérard ògbufọ̀ ló kó bá mi. Ní 1937, òyìnbó kan tó ń wọn agbára mànàmáná gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé ìlú wa, Akparé, ní ilẹ̀ Tógò, ó ní orí òkè tí Bàbá Fájọbí, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi, ń gbin iṣu sí ló dára jù. Èmi ni wọ́n gbà láti máa ka abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà nígbàkígbà tí òjò bá ṣú. Òyìnbó ní kí Gérard sọ fún wa pé òun fẹ́ wọn ‘champ’ mànàmáná. Gérard, tó ń fi Faransé yangàn káàkiri Atakpamé, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Champ, oko ni ní Faransé, ṣùgbọ́n agbára inú afẹ́fẹ́ ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Òyìnbó fẹ́ wọn oko mànàmáná.”

Bẹ́ẹ̀ àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ọ̀pẹ kan lórí òkè yẹn ni. Bàbá rò pé oko àwọn ni òyìnbó fẹ́ wọ̀n gbà, wọ́n dìde, wọ́n lọ láìdágbére. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá òpó àti wáyà ẹ̀rọ òyìnbó lẹ́nu ọ̀nà mi, Bàbá ti hú wọn lórí òkè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gun òkè lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní, “Bàbá, kì í ṣe oko. Inú afẹ́fẹ́ ló wà kí àrá tó sán, ẹ ò lè fojú rí i.”

Wọ́n ní, “Ohun tí a ò rí, kí lẹ fẹ́ wọ̀n níbẹ̀?”

Mo ní kí Gérard wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ó ní òun kò ṣàṣìṣe. Ọ̀rọ̀ náà sú mi dé ọrùn. Nígbẹ̀yìn mo búra fún Bàbá pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ebè wọn. Wọ́n fi ọkọ́ lélẹ̀.

“Dúrósinmí, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni mo gbà, kì í ṣe ti òyìnbó.”

Bàbá fúnra wọn ló tún òpó náà rì.

Òjò ṣú, abẹ́rẹ́ mì, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Òyìnbó wo ìwé mi, ó mirí. Ó ní àwọn igi àti ọ̀pá iṣu ń da agbára náà rú. Àwọn òṣìṣẹ́ òun yóò ro gbogbo ibẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, kò gbọ́dọ̀ sí iṣu níbẹ̀ mọ́. Gérard ti lọ sí ìlú Datcha, nítorí náà kí èmi lọ sọ fún Bàbá.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá ti iṣu. Mo ní, “Bàbá, òyìnbó rán mi sí yín.” Wọn kò gbójú sókè.

“Oko ni, àbí?”

Mo ní, “Oko ni, Bàbá.”